Ìbọn Tó Bá Ardis Mu

Elégédé ni Ardis Kappel kọ́kọ́ yìnbọn fún, elégédé náà ò sì tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun wíjọ́. Ó gbé e lé orí òpó ọgbà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, ó gbé ìbọn ọdẹ ọkọ rẹ̀ lé èjìká ọ̀tún, ó la ojú méjèèjì sílẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láyé ọjọ́un, ó fà á. Elégédé ò mira. Ardis ló mira. Ìdí ló fi jókòó sínú koríko, ìbọn lórí itan, etí rẹ̀ ń hó. Tillie, ajá rẹ̀, wá dúró síwájú rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó wo ilẹ̀, ó wá wo Ardis gan-an.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Ardis wí fún un. "Ó ti bà á níbì kan."

Kò bà á níbì kankan. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, èjìká rẹ̀ ti wú, ó ti dúdú bí ẹni tí ilẹ̀kùn gbá. Ọwọ́ òsì ló fi da kọfí lọ́jọ́ náà, ó sì dà á sí orí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí obìnrin yìí ṣe rí, torí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ni ọ̀rọ̀ wa. Ardis ò ga, kò sì sanra. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ló ti ń ra bàtà òjò. Àga ló ń gùn kó tó lè gbé àwo orí pẹpẹ nínú ilé ìdáná ara rẹ̀, torí Verlyn ọkọ rẹ̀ ló kan pẹpẹ náà, gbogbo ohun tí Verlyn bá sì kàn láyé yìí, ìwọ̀n ara rẹ̀ ló fi ń kàn án. Ọkùnrin gíga, apá gbọọrọ. Àga ìjókòó katakata wọn jìnnà sí ibi tí ẹsẹ̀ Ardis lè dé. Ìbọn náà gùn bí ẹni tó ni ín.

Verlyn ò sí nílé mọ́. Kò kú o. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tó ti wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ìlú, iyè rẹ̀ ló ra. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ìgò ojú tó wà lójú rẹ̀. Ìgbà tó yá, ó pa katakata sí àárín títì, ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé, ó jẹun, ó sì sùn. Ìgbà tó wá di pé ó jáde nínú yìnyín láìwọ bàtà, dókítà ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó wà láàyè tí kò sí nílé, irú òfò wo lèèyàn fẹ́ pè é? Tí ọkọ obìnrin kan bá kú ní àgbègbè wa, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì á gbé oúnjẹ wá títí fìríìjì kò fi ní gbà á mọ́. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan wá fún Ardis. Wọ́n ń bi í pé, "Ọkọ ẹ ńkọ́?" Á ní, "Ó wà ńbẹ̀." Wọ́n á ní kí Ọlọ́run fún un lókun, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ìdúró ló ń jẹun alẹ́, lẹ́bàá ibi ìfọwọ́, torí tó bá jókòó sí tábìlì, àga òdìkejì á máa wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ gbogbo ló ń lọ wo Verlyn. Ọjọ́ mìíràn ó mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tó pọ̀ jù kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí kò bá mọ̀ ọ́n, màdáámù ló ń pè é, ọmọlúàbí ṣì ni. Àmọ́ yálà ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n, láti ìgbà tí ooru ti ń lọ sílẹ̀, ìbéèrè kan náà ló ń bi í.

"Ṣé Ìṣíde ti dé? Ìyẹ́ ńkọ́?"

Ìṣíde ni ọjọ́ tí ìjọba South Dakota máa ń ṣí ọdẹ fẹ́sántì, ẹyẹ ìgbẹ́ tó tóbi bí àkùkọ adìyẹ, Sátidé kẹta oṣù Kẹwàá. Ẹ má dá ìgbéyàwó sí ọjọ́ yẹn níbí, ẹ̀yin nìkan lẹ máa jẹ kéèkì yín. Fún ọdún méjìdínlógójì ni àwọn Kappel fi ń péjọ sórí ilẹ̀ Verlyn lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Gaylen àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n á to ara wọn ní ìlà kan, wọ́n á máa rìn la oko àgbàdo já láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ardis ló ń wa píkọ́ọ̀pù yí oko po lọ dúró dè wọ́n lókè ọ̀hún pẹ̀lú kọfí. Akọ fẹ́sántì àkọ́kọ́ tí Verlyn bá pa, á fa ìyẹ́ ìrù rẹ̀ tó gùn jù yọ, ìyẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ìlà dúdú dúdú, á na ọwọ́ wọ fèrèsé ọkọ̀, á fi ìyẹ́ náà sí iwájú gíláàsì, níwájú ibi tí Ardis jókòó sí. Kì í sọ nǹkan kan. Á gba ife kọfí rẹ̀, á padà sínú oko. Ìyẹ́ yẹn á wà níbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ta ló fi Ardis sídìí ọkọ̀? Ọdún tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ó bá wọn rìn, tìbọn tìbọn. Ẹyẹ mọ́kànlá ló gbéra níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó yìn, ó yìn, kò kan ọ̀kankan. Àwọn ọkùnrin fi í rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Gaylen ju kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ìyàwó wa, gba èyí! Bí ìbọn bá kọ̀ ọ́, sítíárìn ò ní kọ̀ ọ́!" Ardis bá wọn rẹ́rìn-ín, ó gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wo ojú Verlyn bóyá yóò sọ nǹkan. Verlyn ò sọ nǹkan, ó ń nu ẹnu ìbọn rẹ̀. Ardis ní, ó dáa, ohun tó fẹ́ náà nìyẹn. Ọdún méjìdínlógójì ló fi jókòó sínú ọkọ̀ náà, ó tan rédíò kí ó má bàa máa gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú oko. Kò fẹ́ràn ìjókòó yẹn rí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Gaylen ti kó lọ sí Arizona báyìí nítorí orúnkún rẹ̀. Àwọn yòókù, ilẹ̀ ti gba méjì, ìkẹta ò ríran mọ́. Ìyẹ́ kan ṣoṣo tó kù ni èyí tó ti ń gbó sójú gíláàsì láti ìgbà tí Verlyn ti rìn gbẹ̀yìn. Ardis gbé e lọ fún un ní oṣù Kẹjọ. Verlyn fi ìka méjì ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbé e símú.

"Ti àtijọ́ ni," ó ní. "Oòrùn ti jẹ ẹ́. Ta lẹ fẹ́ tàn jẹ?" Ó jù ú sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọkùnrin tí kò mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, kò sí ẹni tó lè tàn án jẹ lórí ìyẹ́. Ọmọ wọn Janelle, tó ń gbé létí òkun lọ́hùn-ún, sọ lórí fóònù pé, "Mọ́mì, wọ́n ń tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n rà á ránṣẹ́." Ọ̀gbẹ́ni tó ń yá ilẹ̀ wọn dáko ní òun á pa ọ̀kan fún un láìgba nǹkan kan. Ardis dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó ní rárá. Ó mọ ohun tí Verlyn máa bi òun: oko wo, ta ló pa á. Kò mọ irọ́ pa, pàápàá fún ẹni tí kò lè rántí irọ́ náà. Àti pé, kí n má fi ọ̀rọ̀ bò, oko àgbàdo yẹn nìkan ló kù tí wọ́n jọ ní. Kò fẹ́ kí bàtà ọdẹ mìíràn tẹ̀ ẹ́ ṣíwájú òun. Òun fúnra òun ló fẹ́ gbé ìyẹ́ tuntun wá fún ọkọ òun kó tó di pé ó gbàgbé ìyẹ́ náà pẹ̀lú.

Ló bá wakọ̀ lọ sí ilé ìtajà ìbọn ńlá kan ní Aberdeen. Ọkùnrin oníkùn kan pàdé rẹ̀ lẹ́nu káńtà, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ kò pẹ́ dé ilẹ̀.

"Háà, màmá, mo ti mọ èyí tó yẹ yín!" Ó gbé ìbọn kékeré kan kalẹ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ òdòdó kun ìdí rẹ̀. "Ti àwọn obìnrin nìyí. Ẹ gbé e wò. Ṣé ẹ rí i? Fúyẹ́ bí ìgbálẹ̀! Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ gbé nǹkan."

Lóòótọ́ ló fúyẹ́. Wọ́n lọ sí ibi ìdánrawò lẹ́yìn ilé ìtajà náà. Ardis yìn ín lẹ́ẹ̀kan, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ti Verlyn ò tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ wá ibi tó ń dùn ún, tó sì fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a níbẹ̀ gan-an.

"Ó máa mọ́ yín lára," ni ọkùnrin náà wí. "Àbí kẹ́ ẹ kúkú wo àwọn kékeré tí wọ́n ń kì bọ báàgì? Ìyẹn làwọn màmá ń rà."

"Kí n máa fa fẹ́sántì yọ nínú báàgì, àbí?" ni Ardis wí, ó sì gbé ìbọn náà padà lé e lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ardis ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó dé inú ọkọ̀, ó gbé orí lé sítíárìn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù.

Orval Skogen ni Ardis wá rántí, bàbá kan tó ń tún ìbọn ṣe nínú gáréèjì rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá odò James. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó máa ń gbé ìgò ojú méjì pọ̀, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Ó ti tún ìbọn Verlyn ṣe rí. Kò gbé ọ̀rọ̀ ikú tàbí àìsàn sẹ́nu rárá, ó kàn da kọfí fún Ardis, ó sì ní:

"Ìyàwó Verlyn. Bọ́ kóòtù yẹn, kí n wo apá ẹ."

Ó gbé ìdí ìbọn kan sí kọ́rọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó wò ó bóyá ìka rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń fà. Kò dé. Ó mi orí. Ardis ròyìn ìbọn òdòdó ti Aberdeen fún un, bàbá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tu kọfí ẹnu rẹ̀ dànù.

"Ta ló tàn wọ́n jẹ! Ta ló sọ fún wọn pé ẹni kékeré ló ń gbé ìbọn fúfúyẹ́? Gbọ́, ìyàwó wa. Ìbọn tó bá wúwo, òun fúnra ẹ̀ ló ń gba ẹ̀ṣẹ́ yẹn sára. Èyí tó bá fúyẹ́, ìwọ ló máa gbà á. Nǹkan tó o nílò ni èyí tó wúwo díẹ̀, tí ẹnu ẹ̀ kéré, tí ìdí ẹ̀ sì kúrú. Kí o má máa na ọrùn wá a kiri."

"Ẹ dákun, bàbá, bó bá tiẹ̀ bá mi mu, ṣé ó máa bá nǹkan? Mi ò mọ ìbọn yìn. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Gbogbo ayé wo?"

Ó ròyìn ẹyẹ mọ́kànlá fún un. Ó fi ṣe àwàdà, bó ṣe máa ń fi ṣe é. Orval ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife kọfí sílẹ̀.

"Na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Pa wọ́n pọ̀, kó o ṣẹ́ ihò kékeré sáàárín wọn. Hẹn-ẹn. La ojú méjèèjì, kó o fi ihò yẹn wo imú mi."

Ardis ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá náà tẹ orí wò ó láti òdìkejì ihò náà.

"Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Orval mú un ṣe é.

"Ojú òsì ẹ ni mò ń rí," ó ní. "Ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń jẹun, àbí? Òun náà lo fi ń kọ̀wé. Àmọ́ ojú òsì ni ọ̀gá lórí ẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló rí bẹ́ẹ̀. Verlyn ní kó o la ojú méjèèjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó tọ́ fún òun. Ìwọ, ìbọn wà léjìká ọ̀tún, ojú òsì ló sì ń darí ẹ̀. Apá òsì ẹyẹ lò ń yìn nígbà gbogbo. O ò tàsé rí. Ibi tó o wò gan-an ló ń lọ." Ó fi ọwọ́ gbá orúnkún. "Ìbọn ò kọ̀ ọ́, ìyàwó wa. Èjìká tí kì í ṣe tiẹ̀ ni wọ́n gbé e lé."

Ardis jókòó. Kò mọ ìgbà tó jókòó. Orval ti dìde lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń túlé, ó wá mú ìbọn kan jáde tó ṣe fún ọmọbìnrin ọlọ́wọ́ òsì kan lọ́dún pípẹ́, tí wọn ò wá gbà. Ó wúwo dáadáa, ẹnu rẹ̀ tín-ínrín, irú èyí tó máa ń fi èéfín ọta ara rẹ̀ gbé ọta mìíràn sí i, tí kì í jẹ́ kó gbá ẹni tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé e lé èjìká òsì Ardis, ó wọn àyè tó wà láàárín àtàǹpàkò rẹ̀ àti imú rẹ̀, ìka méjì péré ló fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó sàmì sí i, ó fi ayùn gé ìdí rẹ̀ sí i, igi tó gé kúrò ò ju bíbẹ́ búrẹ́dì kan lọ.

Lẹ́yìn gáréèjì, ó ní ẹ̀rọ kan tó ń ju àwo amọ̀ sókè. Àwo àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ láìfarapa. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Ìkẹta fọ́ yángá lójú ọ̀run, ó di eruku dúdú, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Ìkẹrin fọ́. Ìkarùn-ún fọ́.

"Ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kó máa wakọ̀!" ni Orval kígbe. "Ẹ bá mi wo awakọ̀!"

Ardis rẹ́rìn-ín títí. Ó rẹ́rìn-ín sanwó, ó rẹ́rìn-ín gbé ìbọn náà sínú ọkọ̀. Kò tíì rìn jìnnà tó fi pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé e.

Ọdún méjìdínlógójì! Èmi gan-an, bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú ń bí mi. Ìdánwò tí kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì, tí kò gba nǹkan kan ju ọwọ́ méjì lọ. Kò sẹ́ni tó rò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sí i, ó parí. Inú bí Ardis sí Gaylen, inú bí i sí rédíò, inú wá bí i sí Verlyn ju gbogbo wọn lọ. Ó ya sí ilé ìtọ́jú náà tààrà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ti tò sí i lẹ́nu: o ò wò mí, o ò tiẹ̀ wò mí, lọ́jọ́ yẹn ò ń nu ìbọn.

Verlyn jókòó lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú bísíkíìtì méjì lórí àwo. Ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàsán, màdáámù. Ó jọ pé òtútù ń mú yín. Ẹ gba ọ̀kan nínú èyí."

Ardis gba bísíkíìtì náà, ó jẹ ẹ́. Ta ni yóò bá jà? Ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ò sí níbẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ ò ṣẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìjà náà padà sílé bó ṣe gbé e wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ó ń lọ sọ́dọ̀ Orval ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Nílé, ó ń gbé ìbọn náà sí èjìká òsì láìki ọta sí i, ìgbà àádọ́ta láàárọ̀, ìgbà àádọ́ta nírọ̀lẹ́, títí ara rẹ̀ fi gbà á. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ jinná. Ti òsì ò tiẹ̀ pọ́n.

Ọjọ́ Ìṣíde mọ́ kedere, òtútù díẹ̀, afẹ́fẹ́ láti àríwá. Ardis ò lọ síbi oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọdẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wa píkọ́ọ̀pù lọ sí òkè oko, níbi tó ti ń dúró dè wọ́n láti ọjọ́ yìí wá, ó pa á síbẹ̀. Òun àti Tillie wá fi ẹsẹ̀ rìn yí oko po lọ sí ìsàlẹ̀. Aago mẹ́wàá ni òfin gbà kí ìbọn àkọ́kọ́ dún. Nígbà tí aago pé, ó gbọ́ ìbọn lókèèrè, lórí ilẹ̀ àwọn aládùúgbò, pẹ̀lú ariwo àwọn ọkùnrin. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó yá," ó wí fún ajá. "Àwa náà la kù."

Wọ́n wọ inú àgbàdo. Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni ariwo tó wà nínú rẹ̀, ewé gbígbẹ ń ha, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí ní gbogbo ìgbà. Láti inú ọkọ̀, ó máa ń rò pé inú oko pa rọ́rọ́. Ẹyẹ kan gbéra níwájú Tillie, Ardis gbé ìbọn, ó rí i pé abo ni, ó sọ ìbọn kalẹ̀. Ẹnì kankan kì í pa abo, òfin ò gbà á. Òmíràn gbéra lápá ọ̀tún, akọ, ó pariwo gìrìgìrì, Ardis yìn ín, kò bá a. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀ wẹ̀sì. Gbogbo ẹ̀rín ọdún yẹn padà wá sí i létí. Ó wá rí i pé èjìká ọ̀tún ni ìkánjú ti gbé ìbọn lọ. Ó gbé e padà sí òsì.

Ó kù díẹ̀ kí àgbàdo tán nígbà tí Tillie dúró ṣan-an, ìrù rẹ̀ le gbọin. Akọ ńlá kan tú jáde lábẹ́ imú rẹ̀ gan-an, ọrùn rẹ̀ ń dán, ìrù gígùn náà ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ardis wò ó. Ó kàn wò ó ni, bí Orval ṣe kọ́ ọ. Ìbọn dún, ẹyẹ náà sì ká sílẹ̀ láti ojú ọ̀run.

Tillie gbé e wá, ó ṣì gbóná. Ardis kúnlẹ̀, ó fa ìyẹ́ tó gùn jù yọ. Ó dìde, ó jáde nínú àgbàdo tayọ̀tayọ̀, ó na ìyẹ́ náà sókè sí ọkọ̀, kó tó rántí pé kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Fèrèsé wà ní títì. Rédíò ò dún. Kò sí kọfí. Báyìí ni Verlyn ṣe máa ń jáde, tó máa ń rí òun nínú ọkọ̀ náà. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan ńlá ni kéèyàn jáde kó sì bá ẹni tó ń dúró dè é.

Ó dé ilé ìtọ́jú kí wọ́n tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé, tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀ àti hóró àgbàdo nínú irun. Verlyn wò ó, kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, màdáámù."

Ardis gbé ìyẹ́ náà lé e lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Verlyn fi ìka méjì ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó gbé e símú. Ojú rẹ̀ yí padà pátápátá.

"Tòní ni," ó ní. "Tòní gan-an ni! Ìṣíde ti dé! Oko wo lẹ ti rí i?"

"Oko Verlyn Kappel. Ní òkè, níbi tí àgbàdo ti fẹ́ tán."

"Èmi ni! Oko mi ni! Ta ló pa á?"

"Èmi ni," ni Ardis wí.

Verlyn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo bó ṣe kéré tó, ó sì mi orí bí ẹni tí nǹkan dùn mọ́.

"Ẹ mà gbìyànjú o. Ẹ jókòó, ẹ jókòó." Ó tẹ̀ sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí. "Ó wù mí kí ìyàwó mi rí yín. Kì í rìn, ìyàwó mi. Ọdún kan péré ló rìn. Èmi fẹ́ kó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìlà wa lọ́dọọdún. Àyè yẹn, mi ò jẹ́ kí Gaylen dúró síbẹ̀ rí."

Ardis jókòó sétí àga. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún un?"

"Háà. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn. Ó ń gbọ́ rédíò ẹ̀, inú ẹ̀ ń dùn. Kí n wá máa fa obìnrin wọnú àgbàdo gbígbẹ nítorí ara mi?" Ó tún fi ìka ra ìyẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì nà án padà sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ẹsẹ̀ ń dùn mí lónìí. Ẹ bá mi gbé e fún un. Ó wà níta nínú ọkọ̀, ó ń dúró dè mí. Iwájú gíláàsì lẹ máa fi í sí, ibi tó ti máa rí i."

Ardis gba ìyẹ́ náà. Ó fẹ́ sọ pé, Verlyn, èmi nìyí, wò mí. Ó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà tẹ́lẹ̀, ó sì mọ bó ṣe máa ń dẹ́rù bà á.

"Mo máa fún un," ó ní. "Ṣé kí n sọ nǹkan kan fún un?"

Verlyn rò ó. Ó ti ń wo ojú fèrèsé, níbi tí wọ́n ń pa ọkọ̀ sí.

"Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Tillie ń dúró nínú píkọ́ọ̀pù, imú rẹ̀ lára gíláàsì. Ardis ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó na ọwọ́, ó ki ìyẹ́ náà bọ iwájú ibi tó máa ń jókòó sí. Kò wọlé síbẹ̀. Ó rìn yí ọkọ̀ náà po lọ sí òdìkejì, ó jókòó sí àyè èrò, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Ó ní òun ń bọ̀," ó sọ fún àga awakọ̀ tó ṣófo.